Ẹgbẹ́ Ẹni Là Ń Fi Ara Wé



Màmá àgbà kan ní àdúgbò wa ń múra àtilọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà. Ìgbà òtútù ni yóò bọ́ sí. Ọmọ náà ránṣẹ́ pé kí Màmá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìnfúlúẹ́ńsà kí ó tó wá. Ni Màmá bá tọ̀ mí wá: “Tíṣà, ṣé torí ọ̀fìnkìn ni wọn yóò ṣe gún mi lábẹ́rẹ́? Òyìnbó ni òtútù ń pa, kò rí tiwa ṣe.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan.”

Ìnfúlúẹ́ńsà kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. A máa gbé ènìyàn dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ibà, ikọ́ àti ara ríro, ó sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí ó ń bá jà jù ni àwọn tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 65, àti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Ní Amẹ́ríkà, arúgbó pọ̀ láàárín òyìnbó ju láàárín ènìyàn dúdú lọ. Bí a bá kàn ka òkú lápapọ̀, a ó rò pé òyìnbó nìkan ni àrùn náà dójú lé. Ṣùgbọ́n tíṣà wo ni yóò fi máàkì ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní wé ti kíláàsì kẹfà? Ẹgbẹ́ ẹni là ń fi ara wé. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́ láti ọdún 2009 títí dé 2022, ohun tí wọ́n rí nìyí: bí ìnfúlúẹ́ńsà bá gbé àgbàlagbà òyìnbó 10 dé ilé ìwòsàn, nínú iye ènìyàn kan náà, yóò gbé bí 18 nínú àwọn dúdú, àti bí 13 nínú àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ dúdú ló fà á ni? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ikọ́ fée pọ̀ láàárín wọn. Owó dókítà wọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn kò sì gbà kí wọ́n jókòó sílé. Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Ní 2021 sí 2022, àgbàlagbà òyìnbó 54 nínú 100 ló gbà á, àwọn dúdú 42. Ìfòyà wọn ní ìdí. Láti 1932 títí dé 1972, àwọn dókítà ìjọba ní Alabama ń tan ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin dúdú pé àwọn ń tọ́jú wọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àrùn sílẹ̀ sí wọn lára. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n àrùn kì í dúró de ẹni tó ń sá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ, ẹ gbọ́: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbà nínú oyún, àti èyí tí ará ilé gbà, ni odi tí ó yí i ká. Ẹ gbà á ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìrìn àjò. Kò ní kí àrùn má ṣe ènìyàn rárá, ṣùgbọ́n a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ọdọọdún ni a sì ń gbà á, nítorí kòkòrò àrùn náà a máa pa ara dà.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dáa, n ó gbà á nítorí ọmọ tuntun.”

Mo ní, “Màmá, nítorí ẹ̀yin méjèèjì ni.”