Kí Ẹ Tó Sanwó fún Ẹ̀rọ Tí Ń Yẹ Gírámà Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹ̀yin tíṣà ní Ọ̀yọ́, ó sì kan ẹ̀yin oníṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́ bákan náà. Lẹ́tà tí a fi ń tọrọ owó ní báǹkì, ìbéèrè ìdánwò, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, kọ̀ǹpútà ni a fi ń tẹ gbogbo wọn láyé òde òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń béèrè pé: nínú àwọn ètò tí a ń gbé sínú kọ̀ǹpútà kí ó máa bá ni yẹ gírámà Gẹ̀ẹ́sì wò, èwo ni kí a sanwó fún?

Ìdáhùn mi kò gùn. Èyí tí yóò ràn yín lọ́wọ́ láì di ọ̀gá yín ni kí ẹ mú. Ẹni tí kò bá sì mọ gírámà rárá, kò lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣì í lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n là á yéni.

Iṣẹ́ ètò yìí ni láti ka ohun tí ènìyàn tẹ̀, kí ó sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí ó bá rò pé àṣìṣe wà. Nínú Microsoft Word òde òní, ìlà pupa wà fún sípẹ́lì, ìlà búlúù sì wà fún gírámà. Kì í ṣe ohun tí ó dé lánàá. Ní 1981 ni ọ̀kan tí ń jẹ́ Grammatik ti jáde ní Amẹ́ríkà. Ará Jámánì kan, Daniel Naber, ni ó bẹ̀rẹ̀ LanguageTool ní 2003. Grammarly tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lónìí, àwọn ọmọ Ukraine mẹ́ta ni ó dá a sílẹ̀ ní 2009.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gírámà kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Nígbà tí ó di 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ. Kí ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe? Wọ́n tẹ́tí sí àwọn tí ó ni èdè kí wọ́n tó kọ òfin sílẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni òfin gírámà ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ. Ìwé tí àwọn tí ó ṣe é kó fún un ni ó fi ń ṣe ìdájọ́, ìwé àwọn ará òkè òkun ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, àlejò ni ní Akẹ̀sán, àlejò ni ní Tákíè. Àwọn àgbà sì sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ̀lé ìpolówó ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jókòó, ẹ tẹ irú àṣìṣe tí àwa Yorùbá máa ń ṣe, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ. Mo fún yín ní mẹ́rin.

Èkíní: "I want to by two bag of rice." Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń wo sípẹ́lì nìkan kò ní rí ọ̀kankan, nítorí pé "by" àti "bag" jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tòótọ́. Ẹ̀rọ gírámà tí ó bá yẹ kí a sanwó fún gbọ́dọ̀ rí méjèèjì.

Èkejì: "My mother is a trader. He sells palm oil." Ní èdè wa, "ó" kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ibẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣubú. Bí ẹ̀rọ bá ń ka gbólóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní rí nǹkan kan, nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dára ní ìdúró tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta: "Please borrow me your ladder." Yorùbá ní "yá mi", ọ̀rọ̀ kan náà sì ni fún ẹni tí ó yáni àti ẹni tí ó ń yá. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà sí báǹkì kò gbọdọ̀ ṣi èyí lò.

Ẹ̀kẹrin: "Baba Ade sold the yams and bought a new hoe." Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ rárá. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yóò fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Èyí tí ó bá ń pariwo lórí ohun tí ó dára yóò fi àkókò yín ṣòfò, yóò sì kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò yìí, ẹ bi í pé Gẹ̀ẹ́sì ta ni ó ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà a máa dé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, yóò sì máa fa ìlà pupa sábẹ́ "colour" tí àwa kọ́ ní ilé-ìwé. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń yan èdè, kí ẹ yan ti ìlú Ọba. Àwọn ọ̀rọ̀ tiwa pàápàá wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé, lára wọn ni "okada", "danfo" àti "next tomorrow" tí í ṣe ọ̀túnla wa. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ kọ "next tomorrow" sínú lẹ́tà ọ́fíìsì o. Ohun tí ó sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fa ìlà sí ni àìmọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpò àti iná. Grammarly ní apá tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti apá tí a ń sanwó fún, íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́: bí dátà bá tán, iṣẹ́ tán. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò irú owó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ẹni tí ń san dọ́là lóṣooṣù mọ ohun tí ojú òun ń rí. Word ní ayẹ̀wò sípẹ́lì àti díẹ̀ nínú gírámà tí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. LibreOffice, tí a lè fi tẹ̀wé bíi Word, ọ̀fẹ́ ni. LanguageTool sì ní irú kan tí a lè gbà sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní máa bu dátà jẹ, àmọ́ ẹ óò nílò ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa láti bá yín gbé e kalẹ̀. Fún tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ìmọ̀ràn mi ni kí ó lo èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún kan gbáko kí ó tó ronú àtisanwó.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà. Ètò tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ń fi ohun tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní ọ̀nà jíjìn. Ìbéèrè ìdánwò tí àwọn ọmọ kò tíì ṣe, ìwé gbèsè oníbàárà, lẹ́tà àárín tọkọtaya, ẹ má fi irú wọn síbẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn wà ní Nàìjíríà láti 2023, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹran sẹ́nu ajá kò yẹ kí ó máa wá òfin lẹ́yìn náà.

Ìkìlọ̀ tí ó wúwo jù fún mi rèé: orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ kò wo ilé ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ọmọ yín, yóò sì dábàá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Akọ̀wé tí ó bá ń kánjú, tí ó tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹ̀rọ yí gbogbo rẹ̀ padà, lè ba orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ nínú ìwé kan ṣoṣo. Bí orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí kò bá bá ti inú káàdì ìdánimọ̀ mu, ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìbúra ni yóò kàn, owó òbí ni yóò sì bá a lọ. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń dùn. Ní 2024, àwọn kan ní ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí wọ́n pè ní "I am not a typo", pé orúkọ àwọn kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ kún àkójọ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà mọ̀, ẹ sì máa ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ara yín.

Èdè Yorùbá ńkọ́? Microsoft ní àkójọ kan tí a lè fi kún Office fún sípẹ́lì Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé ìyàwó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí oko láti fi kọ ebè, àkójọ ọ̀rọ̀ kò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Tíṣà ni yóò rí i, àti ìyá àgbà tí yóò bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí pé nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC, máàkì 10 nínú 50 ni ó wà fún àìṣàṣìṣe nínú gírámà, sípẹ́lì àti àmì, ìdajì máàkì sì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Níwájú bébà àti bírò, ìlà pupa kò sí. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ hàn àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba àtúnṣe rẹ̀ láì béèrè. Ẹ ní kí ọmọ sọ ìdí tí ẹ̀rọ fi fa ìlà. Bí ó bá lè sọ ọ́, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi chalk kọ ọ́ sára pátákó, kí ẹ kọ́ ọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.