Ijó Tí Kò Kú

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló jí ijó Lindy Hop dìde láàárín 1980 sí 1990. N ò gbà! Òkú là ń jí. Ijó yìí ò kú.

Àwọn ènìyàn dúdú Harlem, ní New York, ló dá a sílẹ̀ kí ọdún 1930 tó dé. Ilé ijó Savoy, tí wọ́n ṣí ní 1926, ló ti gbilẹ̀. Dúdú àti funfun jọ ń jó níbẹ̀. Ní 1958 wọ́n tì í pa, lẹ́yìn náà wọ́n wó o.

Frankie Manning, ọ̀gá oníjó, ti wá ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà nígbà tí oníjó méjì láti California wá a kàn ní 1986. Ó kọ́ wọn, ó sì ń kọ́ ayé káàkiri títí di ọdún 2009 tó kú.

Mo kí àwọn tó wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá àgbà láàyè, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó tún yẹ kó sọ pé òun ló jí iṣẹ́ náà dìde? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó kọ́ni ní Lindy Hop lónìí, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Harlem, kẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn fọ́mọ Harlem. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.