Ilẹ̀ Àbò, Òkè àti Aṣálẹ̀: Ta Ni Ìwádìí Yóò Ṣe Láǹfààní?

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kan ní Ìbà Housing Estate, ìyá kan dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ó ní, "Àáfà, ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ máa ka igi lórí òkè, pé iṣẹ́ ìwádìí ni. Ṣé ìwé ni wọ́n ń kọ́ ọ ni, àbí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọdẹ?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Kí ni wọ́n ń wá lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn? Ta ni yóò sì jẹ àǹfààní ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Méje ni ọgbà àbò ti orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní national park, tí Nàìjíríà ní tẹ́lẹ̀, Old Oyo sì wà lára wọn. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi mẹ́wàá kún un. Igbó ìjọba tí ń jẹ́ Oba Hill ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára mẹ́wàá náà. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáíkò ló ní ẹbí ní Ọ̀ṣun, a sì mọ̀ pé àgbẹ̀, ọdẹ àti àwọn tó ń já ewé ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú igbó. Bí igbó bá bọ́ sábẹ́ òfin ọgbà orílẹ̀-èdè, ọwọ́ òfin yóò le sí i lára wọn.

Èrò tiwa ni pé ìwádìí gbọdọ̀ ṣáájú òfin, ètò sì gbọdọ̀ ṣáájú ìwádìí. A kò lè ṣọ́ ohun tí a kò mọ iye rẹ̀. Ẹ wo igbó Ngel Nyaki ní orí òkè Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Tàrábà. Ọ̀mọ̀wé Hazel Chapman ti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand ló dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wọn ilẹ̀ tó lé díẹ̀ ní hẹ́kítà 20, wọ́n sì fi nọ́ńbà sára gbogbo igi tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan sókè. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn a padà wá wò èyí tó kú, èyí tó ń dàgbà àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ìyẹn ni "kíka igi" tí ìyá yẹn ń sọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì rárá.

Ní Tàrábà yìí kan náà àti Adamáwá ni Gashaka-Gumti wà, ọgbà tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Ó fẹ̀ tó 6,700 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè wa, wà níbẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419. Ọ̀jọ̀gbọ́n Volker Sommer láti University College London darí ìwádìí lórí àwọn ìnàkí ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn Fúlàní darandaran náà ń gbé inú ọgbà yìí. Ẹni tó bá lọ ka ìnàkí, tí kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Aṣálẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, àwọn òkè Aïr àti aṣálẹ̀ Ténéré para pọ̀ di ilẹ̀ àbò tó lé ní 77,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1991. Nígbà tó di 1992, rògbòdìyàn ti mú kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ibi tí àlàáfíà kò bá sí, olùwádìí kò lè dé ibẹ̀, ẹranko yóò sì máa tán láìsí ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, òbí tó ń bẹ̀rù ajínigbé kò ya òpè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òyìnbó ló kọ́kọ́ dá ilẹ̀ àbò sílẹ̀. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ya ilẹ̀ al-Naqīʿ nítòsí Mẹ̀dínà sọ́tọ̀ fún ẹṣin àwọn Mùsùlùmí. Himā ni Lárúbáwá ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sáyídínà Umar jẹ́ káálífà, ó fi Hunayy, ẹrú tó ti dá sílẹ̀, ṣọ́ himā. Nínú ẹ̀gbàwá tó wà lọ́dọ̀ Bukhari, ó kìlọ̀ fún un kí ó má ni ènìyàn lára, kí ó sì bẹ̀rù àdúà ẹni tí a ni lára. Ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí díẹ̀ àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó má gba agbo ẹran àwọn olówó bíi Uthman ọmọ Affan láàyè. Bí ẹran olówó bá kú, ó ní oko tí yóò padà sí. Bí ti tálákà bá kú, ọ̀dọ̀ ìjọba ni yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá.

Òṣùwọ̀n tiwa nìyẹn. Kí ìjọba àti àwọn yunifásítì tó tẹ̀ síwájú ní Oba Hill, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé. Kí wọ́n gba ọdẹ àti àwọn tó mọ ewé síṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìwádìí. Kí ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n bá rí wà ní ilé. Àdéhùn Nagoya tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010 náà sọ pé èrè tó bá ti ara ewé àti ẹranko ilẹ̀ kan jáde gbọ́dọ̀ kan onílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi igi kíkà ṣe nígbà tí ebi ń pa wá. Ẹ rántí pé odò tó ń ṣàn láti àwọn òkè Gashaka ń lọ sínú Benue, Benue sì ń pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja. Bí igbó orí òkè bá parun, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

A ti fún ìyá náà lésì. A ní kí ó má dá ọmọ dúró, kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló fún yín láṣẹ? Ta ni yóò máa ṣọ́ yín níbẹ̀? Kí lẹ óò mú padà fún àwọn tó ni igbó? Ọmọ tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a ṣe àdúà fún un, kí ó máa lọ.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó wúlò ta wá lọ́rẹ. Àmín.