Rìbọ́ọ̀nù Kì í Bo Isu Tó Ti Rà

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ wò.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ra ẹrù ìyàwó. Isu 42 tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń béèrè, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, ṣúgà, orí àtẹ wa ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti sanwó tán, ibòmíràn ló ń gbé e lọ kí wọ́n tó bá a fi rìbọ́ọ̀nù dì í. Nígbà míì, owó tí onídìí gbà á ju èrè tí àwa tó ra isu láti oko jẹ lọ. Kí ló dé tí a fi ń wò wọ́n níran?

Àwọn kan á ní, "Ṣé rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n máa sè jẹ ni?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ ọmọge ni. Àwọn ìyá wa ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé eéran láìsí sẹ́lótéèpù, kì í sì í tú títí dé ilé ẹni tó rà á. Rìbọ́ọ̀nù kò le ju ewé lọ.

Bí ẹ bá ń di páálí, ẹ jẹ́ kí etí bébà fi ìka méjì gun ara wọn. Kí èyí tó kù ní orí àti ìdí ju ìdajì gíga páálí lọ díẹ̀ péré, kó má baà rí wúruwùru. Fún òdòdó, ẹ ká rìbọ́ọ̀nù lé ara wọn bí ìgbà mẹ́fà, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí méjèèjì wọlé díẹ̀ ní àárín, ẹ so ó níbẹ̀ pinpin. Ẹ wá máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti inú, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ bí ìrù ẹja, kí òwú rẹ̀ má baà máa tú.

Ẹ gbowó iṣẹ́ yín o. Dídì kì í ṣe èènì. Ẹ sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má di ìjà. Ọmọ tó bá sì bá wa ṣe é, ká fún un ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. A ò ní parọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa: isu tó ti rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ gan-an la wá so òdòdó pupa mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n tú ẹrù lójú àna, ojú ti ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n ọjà wa ni wọ́n bú. Oníbàárà yẹn kò padà wá mọ́, ó sì kó àwọn ará ilé rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ìwà ìkà ní gbogbo ìgbà. Isu máa ń mí. Bí a bá fi náílọ́ọ̀nù dì í pa láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, tí oòrùn ń pa á, yóò làágùn, yóò sì rà. Ẹ dì í nígbà tí ìdána bá ku ọ̀la, ẹ má dí ẹnu rẹ̀ pa, kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Obì náà, ewé ni kó kọ́kọ́ wọ̀ kó tó wọ apẹ̀rẹ̀ aláràbarà.

Àbá wa rèé. Ẹni tó bá fẹ́ di ọjà, kó dì í lójú oníbàárà, kí oníbàárà fọwọ́ kan isu kọ̀ọ̀kan kó tó wọ náílọ́ọ̀nù. Kí ẹgbẹ́ sì ya ọjọ́ ìpàdé kan sọ́tọ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ àwa tó kù.

Ẹwà ọjà, inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà á tà o.