Kí Ẹ Tó Ra Awọ Asẹ́ Olówó Ńlá, Ẹ Yẹ Omi Ajégúnlẹ̀ Wò

Ajégúnlẹ̀ tí mò ń bá wí lónìí kì í ṣe ti Àpápá, níbi tí àwọn olórin àti agbábọ́ọ̀lù ti jáde. Ti Kòsọ́fẹ́ ni, èyí téèyàn máa kàn lẹ́yìn Máìlì 12 lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lágbègbè ibi tí odò Ògùn ti ń tẹ́ rẹrẹ kó tó bọ́ sínú ọ̀sà. Àwọn ará ibẹ̀, àtàwọn ará Owódè Onírin, Agílítì àti Ìtòwòlò tó múlé tì wọ́n, kì í fi oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ṣeré. Ìgbà yẹn ni dáàmù Ọ̀yán, tó ti wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1983, máa ń tú omi sílẹ̀. Lóṣù Kẹwàá 2010, omi náà wọlé débi pé ìjọba ní láti kó àwọn tí omi lé kúrò nílé lọ sí àgọ́ ní Agbówá.

Bí omi ṣe yí wọn ká tó yìí, owó ni wọ́n fi ń ra èyí tí wọ́n ń mu. Bọ́húùlù àti píọ̀ wọ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, abẹ́ ilẹ̀ kan náà sì ni àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ti ń fa omi tiwọn. Àwọn oníṣòwò píọ̀ wọ́tà yìí ni mo ní lọ́kàn, nítorí ọjà kan wà tí wọ́n ń polówó fún irú wọn: awọ asẹ́ tí wọ́n kun ní nǹkan kí ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà gidi ni. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kí owó wọn kọ́kọ́ lọ sí.

Awọ asẹ́ yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní membrane, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọmi òde òní rọ̀ mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ní iléeṣẹ́ kéékèèké gùn tó ínǹṣì 40, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 4. Inú rẹ̀, awọ pẹlẹbẹ ni wọ́n ká bí ẹní. Ojú tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lára awọ náà, polyamide ni, kò sì nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irun orí kan. Pọ́ọ̀ǹpù á ti omi lù ú, omi á kọjá, iyọ̀ àti kòkòrò á ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Ojú mi ni ẹnjiníà kan ṣe la ọ̀kan tó ti kú. Ọ̀bẹ kò ràn án, ayùn ló fi gé èèpo rẹ̀. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ohun tó yẹ kó funfun ti pupa rúsúrúsú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn ẹrẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Ó fi èékánná ha á. Èyí tó pupa ṣí, èyí tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò ṣí.

“Ẹnjiníà, ṣé kò wá ṣeé fọ̀ ni?” Alhaja tó niléeṣẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Alhaja, a ti fọ̀ ọ́ títí. Ó ti sú òun gan-an alára.”

Pupa yẹn ni irin inú omi. Èyí tó ń yọ̀ ni ilé tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kọ́ fún ara wọn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti rí àyè ni pé ojú polyamide kò jọ̀lọ̀ rárá. Bí a bá fi maikirosíkóòpù wò ó, gegele àti kòtò ló kún ibẹ̀, ó sì tún ní agbára iná díẹ̀ lára tó ń fa àwọn nǹkan mìíràn mọ́ra. Ohun tí àwọn tó ń kùn ún ń wá ni kí ojú awọ fẹ́ràn omi ju bó ṣe fẹ́ràn ìdọ̀tí lọ. Bí omi bá ti dì mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ọ̀rá àti kòkòrò tó bá dé kò ní ríbi fẹsẹ̀ lé. Àwọn kan ń lo polyvinyl alcohol. Àwọn mìíràn ń lo èròjà tó ní agbára iná oríṣi méjèèjì lára lẹ́ẹ̀kan náà, tí omi kì í sì í fẹ́ fi sílẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni polydopamine. Irú ìṣáwùrú òkun kan wà tó ní ìkarahun méjì, tí ìgbì kì í lè ṣí lára àpáta. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà wádìí ohun tó fi ń lẹ̀, wọ́n fi polydopamine ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ síta lọ́dún 2007. Nígbà tó yá, ikọ̀ Benny Freeman ní Texas kun èròjà náà sára awọ asẹ́ kí ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá nínú lílẹ̀ ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè dá lílẹ̀ dúró. Mo gba fìlà fún wọn.

Ibi tí n kò ti bá àwọn tó ń tà á lọ nìyí. Púpọ̀ nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yin irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, inú láàbù ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú omi mímọ́ tí wọ́n po purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù mọ́, fún wákàtí díẹ̀. Omi Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí odò bá kún, ṣáláńgá àti sọ́kàwéè náà á kún, ohun tó wà nínú wọn á sì rìn lọ sínú ilẹ̀ tí bọ́húùlù tí kò jìn ń mu. Oṣù mélòó kan ni awọ náà yóò fi bá irú omi bẹ́ẹ̀ fà á. Bí ìdọ̀tí àkọ́kọ́ bá sì ti bo ọ̀dà náà, ìdọ̀tí tó tẹ̀ lé e kò rí ọ̀dà kankan mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ọ̀dà tún ń dín omi tó ń kọjá kù. Kí omi tó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ tó lè jáde, pọ́ọ̀ǹpù ní láti ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì mọ iye tí wọ́n ń ta dísù.

Ọ̀rọ̀ irin tilẹ̀ tún yàtọ̀. Omi onírin máa ń mọ́ kedere nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló máa ń pọ́n. Bó bá wá jẹ́ inú awọ asẹ́ ló ti pọ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Òfin omi mímu ilẹ̀ wa fàyè gba 0.3 mílígíráàmù irin nínú lítà kan. Àwọn tó ń ṣe awọ asẹ́ kì í fẹ́ kó ju 0.05 lọ bí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú omi náà. Omi tó dára fún ẹnu lè pa awọ, kò sì sí ọ̀dà tó lè gba irin dúró. Ohun tó ń gbà á dúró kò wọ́n: kí omi máa rọ̀ wìnnìwìnnì láti òkè sínú táǹkì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kí ó sinmi kí irin sílẹ̀, kí ó wá gba inú yanrìn kọjá. Omi odò Ògùn ni ìjọba ń fà ní Àkútè fún iléeṣẹ́ omi Adíyàn tí wọ́n ṣí ní 1991 láti máa fọ 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lóòjọ́. Álọ́ọ̀mù, yanrìn àti kílórínnì ni wọ́n gbára lé. Yanrìn tó bá dọ̀tí ṣeé fọ̀.

Ẹnìkan á ní kí wọ́n kúkú da kílórínnì sí i kí kòkòrò kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kílórínnì ń jẹ polyamide. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi èédú yọ ọ́ kó tó dé ibẹ̀, inú èédú tí kò sí kílórínnì mọ́ yìí gan-an ni kòkòrò sì ti ń bí sí i. Iléeṣẹ́ tí kì í pààrọ̀ èédú rẹ̀ lásìkò, òun fúnra rẹ̀ ló ń sin kòkòrò fún awọ asẹ́.

Ìdánwò kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ ra awọ olówó ńlá yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á fi agbára kan náà ti omi gba inú pépà asẹ́ róbótó kékeré kan, wọ́n á wo bí ó ṣe pẹ́ tó kí ìdajì lítà tó kún, wọ́n á tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní SDI. Bó bá ti ju 5 lọ, àwọn tó ṣe awọ náà kì í dúró lórí ìdánilójú tí wọ́n fún un, ọ̀dà wà lára rẹ̀ o, kò sí o. Àwọ̀ pépà náà tún ń sọ̀rọ̀: bó bá pupa, irin ni. ATWAP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe omi títà, lè ra ohun èlò ìdánwò yìí kan fún Kòsọ́fẹ́ kí wọ́n máa gbé e kiri láàárín ara wọn.

Àwọn onímọ̀ wa náà ní iṣẹ́ láti ṣe. UNILAG wà ní Akọkà lápá kan, LASUSTECH wà ní Ìkòròdú lápá kejì, Ajégúnlẹ̀ ló wà láàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣèwádìí lórí ọ̀dà awọ asẹ́ kò nílò purotéènì màlúù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Kó wá pọn omi bọ́húùlù Ajégúnlẹ̀ lóṣù Kẹwàá, kó to awọ tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn kò kùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó gbé yanrìn síwájú àwọn méjèèjì, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi dé. Alhaja á mọ èyí tó yẹ kó náwó lé.