Fóònù Kì í Ṣe Adájọ́ Ohùn

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó tẹ dò, re, mí lórí áàpù orin inú fóònù, kí ó lè fi mọ àmì ohùn tí ó yẹ ọ̀rọ̀. Àṣà yìí kò dára, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Inú ètò orin kíkọ tí John Curwen (1816–1880) tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá dò, re, mí. Orí iṣẹ́ Sarah Glover ni òun náà gbé e kà. Nínú ètò náà, dò kì í dúró sójú kan: ibi tí olórin bá gbé orin sí ni dò wà. Bí àwọn kan nínú áàpù wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Títí dé ibẹ̀, orin àti èdè jọra. Ní ọjà Aswani, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń polówó aṣọ àlòkù ní ‘igba náírà’, ohùn wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí yóò gbọ́ ọ sí ‘ìgbà’ tàbí ‘igbá’.

Ibi tí orin àti èdè ti pínyà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò wò. Nínú áàpù, àlàfo tí ó wà láàárín dò àti mí kì í yẹ̀. Nínú gbólóhùn Yorùbá, ó ń yẹ̀. Ẹ pe ‘Bọ́lá kò rí ìwé’. Ohùn òkè ni ‘wé’, bẹ́ẹ̀ ni kò ga tó ‘Bọ́’, nítorí pé àwọn ohùn ìsàlẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ti fà á wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi fóònù wọ̀n ọ́n lè pè é ní re, kí ó sì kọ ‘ìwe’. Ta ni yóò ru ẹ̀bi àṣìṣe náà?

Wọn a ní fóònù ń mú kí ẹ̀kọ́ wu ọmọ. Kò burú: ẹ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan pé dò ń ṣí kiri, kí ẹ sì gbé e jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ‘igba’, ‘igbá’, ‘ìgbà’, ‘ìgbá’, ‘igbà’, títí etí rẹ̀ yóò fi là. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń wọn ọ̀rọ̀, a kì í fi dùùrù wọ̀n ọ́n.

WAEC kò gba fóònù láàyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Etí nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wọlé. Etí náà ni kí a kọ́.