Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Kámúṣáàfù

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju agbára rẹ̀ lọ ni àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé wíwọ̀n ló wà nínú rẹ̀, pé kì í ṣe títẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni. Eku ló ṣáájú nínú gbólóhùn náà. Ẹni tí kò bá tíì wo eku dáadáa, kí ni yóò fi wọn ìtẹ́? Ìtẹ́ tó bá sì fẹ̀ jù, òtútù ni yóò máa pa eku inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló jẹ́ kí ó yé mi bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ní Houston ní píkọ́ọ̀pù Chevrolet àtijọ́ kan tó fi ń kó irinṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì V8 tí wọ́n ń pè ní 350, lítà 5.7, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gíà ọtomátíìkì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà gbó, ó tú u palẹ̀ láti tún un tò, ó sì ra kámúṣáàfù tí àwọn olólùfẹ́ Chevrolet ń pè ní 30-30. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tan án, ó gbé fóònù sẹ́nu sàláńsà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀!” Mo gbọ́ ọ. Ó ń lù gbùdù, gbùdù-gbùdù, bí ìlù tó ń wá ẹni tí yóò jó. Inú èmi náà dùn, n kò ní purọ́.

Kámúṣáàfù ni ọ̀pá irin tó ń pàṣẹ ìgbà tí fáàfù yóò ṣí àti ìgbà tí yóò padé. Kókó 16 ló wà lára ti V8 yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí ẹyin. Bí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, òun a yí lẹ́ẹ̀kan, imú kókó kọ̀ọ̀kan a sì ti fáàfù tirẹ̀ ṣí. Bí imú náà bá ṣe ga tó ni fáàfù ń ṣí tó. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni ó ń pẹ́ ní ṣíṣí tó. Inú pípẹ́ yìí gan-an ni ìjà wà.

Nítorí pé atẹ́gùn ní ìwúwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gidi, atẹ́gùn tó ń wọlé ti gba eré. Bí písítìnì tilẹ̀ ti yíjú sókè, atẹ́gùn ṣì ń rọ́ wọlé, ó sì dára kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n níbi eré kékeré, atẹ́gùn kò ní agbára yẹn. Písítìnì tó ń gòkè a ti èyí tó ti fà wọlé padà síta. Fáàfù ìwọlé àti ti ìjáde a tún jọ ṣí pa pọ̀ pẹ́ jù, èéfín tó yẹ kó ti lọ a dàpọ̀ mọ́ oúnjẹ tuntun. Ohun tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì níbi tó ti ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ló ń fi ebi pa á níbi 1,500.

Ta wá ni eku tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ 30-30 fún? Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ́ńjìnnì 302 inú Camaro Z/28, láti 1967 sí 1969, ọkọ̀ tí Chevrolet ṣe nítorí eré ìdíje tí òfin rẹ̀ kò gba ẹ́ńjìnnì tó ju lítà 5 lọ. Àlàfo fáàfù rẹ̀, 0.030 íǹṣì níwọlé àti níjáde, ló fún 30-30 lórúkọ. Wọn kò ta Z/28 yẹn pẹ̀lú gíà ọtomátíìkì rárá. Tí a bá wọn pípẹ́ fáàfù láti ibi tí ó ti gbéra tó 0.050 íǹṣì, dígírì 254 ni ti 30-30. Ti 350 jẹ́jẹ́ tó ń gbé ìdílé lọ sọ́jà, 195 níwọlé, 202 níjáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra.

Kò pé oṣù kan tí àbúrò mi fi pè mí padà. Níbi iná ojú pópó, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Búréèkì le bí òkúta, nítorí pé ìfà inú ẹ́ńjìnnì ló ń ran búréèkì lọ́wọ́, ìfà náà sì ti dínkù. Tó bá di ẹrù, ọkọ̀ ń rá gun afárá.

Àgbà kan tó ti ń to ẹ́ńjìnnì tipẹ́ ládùúgbò rẹ̀ ló jókòó tì í. Ó bi í pé báwo ni ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó, irú gíà wo ló wà lẹ́yìn, báwo ni písítìnì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó. Ó wá béèrè èyí tó jẹ ẹ́ lógún jù: láti Mọ́ńdè dé Sátidé, níbi eré wo ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbé? Kì í ṣe ibi tó lè dé lọ́jọ́ kan o, ibi tó ń gbé. Àbúrò mi ní kì í sábà kọjá 3,000. Àgbà náà ní kó mú èyí tó jẹ́ 204 níwọlé, 214 níjáde. Èrò tèmi náà nìyẹn: bí méjì bá ń dààmú ẹni, kí èèyàn mú kékeré.

Àwọn Honda gbìyànjú láti sá fún yíyàn yìí. Ní 1989, wọ́n gbé VTEC jáde nínú Integra ní Japan: kókó kan fún eré kékeré, òmíràn fún eré ńlá, lórí ọ̀pá kan náà, tí agbára ọ́ìlì ń mú ẹ́ńjìnnì bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Lítà 1.6 péré mú agbára ẹṣin 160 jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yẹn gidigidi. Síbẹ̀, ìtẹ́ méjì ni wọ́n kọ́. Wọn kò rí ẹyọ kan tó wọ̀n fún méjèèjì.

Àbúrò mi ra kámúṣáàfù tuntun pẹ̀lú sípíríǹgì fáàfù tó bá a mu. Ó fi amọ̀ ìṣeré ọmọdé lé orí písítìnì, ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó gé amọ̀ náà wò kó lè rí i pé fáàfù kò ní kan písítìnì. Nígbà tó tan án, kò jẹ́ kó wà ní sìló. Ó mú un ní 2,000 fún ogún ìṣẹ́jú, kí kókó àti tápẹ́ẹ̀tì tó jókòó lé e lórí lè mọ ara wọn. 30-30 wà lórí pẹpẹ, ó fi ọ́ìlì pa á, ó fi aṣọ wé e.

Ó tún gbé fóònù sẹ́nu sàláńsà. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà ni mo ń gbọ́ jù.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà ní títàn o,” ó ní. “Mo ti di ẹrù sẹ́yìn ẹ̀. Mo ń lọ síbi iṣẹ́.”